Ife Tó Mọ́ Gaara

Ní Ògèrè, lẹ́yìn ibi tí àwọn tírélà ń sùn sí,
ilé-iṣẹ́ wa ń yọ́ ike tọ̀sán-tòru.
Ike á wọlé bí hóró ìrẹsì,
á jáde ní ife, ife ọmọdé,
tó mọ́ gaara bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ló dì.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Múyíbátù Ọdúnúga
fi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ìhà ìlà-oòrùn.
Á gbé ife sókè sí ìmọ́lẹ̀,
á yí i po, á fi èékánná ta á lẹ́nu.
Kó. Ó dára.
Kọ̀. Jù ú sẹ́yìn.
Mo bi í pé kí ló ń gbọ́.
Ó ní bàbá òun àgbà ní Ìpẹru
kì í gba ṣílè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni
àfi tó bá sọ ọ́ mọ́ òkúta:
"Owó tí kò lóhùn, ojú lásán ló ní."

Èmi ni wọ́n ní kí n gbé kámẹ́rà wá.
Mo kàn án mọ́ irin lókè bẹ́líìtì,
mo tan iná funfun sábẹ́ rẹ̀.
"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ́ ọ níṣẹ́," ni ọ̀gá wí.
"Ẹ ya igba tó dára sọ́tùn-ún,
igba tó bàjẹ́ sósì. Á wò ó, á mọ̀ ọ́n."
Wọn ò bi í bóyá ó wù ú.
Ọjọ́ mẹ́rin ló fi yà wọ́n:
èyí tí èérún dúdú wà lára rẹ̀ bí orí abẹ́rẹ́,
èyí tí etí rẹ̀ kò kún, tí ike rẹ̀ kó tó délé,
èyí tí kùrukùru bò nínú.
Àmọ́ ó fi ọ̀kan kún ti òsì
tí èmi kò rí nǹkan kan lára rẹ̀.
Kámẹ́rà náà kò rí i.
"Ó ń dùn ún," ni gbogbo ohun tó sọ.

Lóru ọjọ́ náà, nígbà tí wọ́n ti lọ,
mo ki dígí dúdú méjì bọ ọ̀nà ìmọ́lẹ̀,
ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀,
mo yí tòkè díẹ̀díẹ̀
títí iná fi kú pátápátá.
Mo gbé ife náà sáàárín òkùnkùn yẹn.

Òṣùmàrè yọ.
Pupa, àwọ̀ ewé, àwọ̀ aró,
wọ́n so kókó ní ìdí ife,
níbi tí ike gbígbóná gbà wọlé
tí a ò jẹ́ kó tutù kí a tó fà á jáde.
Ìkánjú wa ni, tó dì sínú rẹ̀,
tó ń dákẹ́, tó ń dán,
tí yóò là lọ́jọ́ tí ìyá kan
bá da ẹ̀kọ gbígbóná sí i fún ọmọ.
Aago méjì òru. Ta ni mo fẹ́ pè?
Tírélà kan fọn fèrè lọ́nà Ìbàdàn, ó lọ.

Wọ́n gbé Múyíbátù lọ síbi tí a ti ń di páálí.
Wọ́n ní ojú rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ tó.

Ọyẹ́ dé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan
ẹ̀rọ kọ gbogbo ife.
Ẹgbẹ̀rún kan. Ẹgbẹ̀rún kejì.
Apá irin ń gbá wọn sínú àpò bí ẹni ń lé adìẹ.
Ọ̀gá ń pariwo. Mo ń tẹ kọ̀ǹpútà,
mo ń wá àṣìṣe nínú ìṣirò.
Múyíbátù dìde nídìí páálí,
ó gun àpótí,
ó fi etí ìborùn rẹ̀ nu ojú kámẹ́rà.
Eruku ọyẹ́ mọ́ aṣọ náà bí àtíkè.
Ife tó tẹ̀ lé e kọjá. Èyí tó tún tẹ̀ lé e.
Ó sọ̀ kalẹ̀, ó padà sídìí páálí rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, kí n tó tan ẹ̀rọ,
mo máa ń mú ife kan,
mo máa ń fi èékánná ta á lẹ́nu.
Kó, tàbí kọ̀.
N kò tíì mọ̀ wọ́n yà.